Orúkọ Tí Sítíárìn Ń Jẹ́: Ìtàn Ìdánimọ̀ Ohun-Èlò Nínú Linux

Ta ni ó ni ohun-èlò gan-an: ẹni tí ó ṣe é ni, tàbí ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ rà á? Lójú ọjà, ìbéèrè yìí kò le. Nínú ìtàn kọ̀ǹpútà, ó le púpọ̀. Àpẹẹrẹ tí ìjíròrò yìí yàn ni sítíárìn ìṣeré, tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà láti fi ṣe eré ìje ọkọ̀. Ó ní ohun tí à ń fi ọwọ́ yí, ó ní èyí tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ó sì ní ẹ́ńjìnnì kékeré tí ń ti ọwọ́ awakọ̀ padà bí ẹni pé ojú ọ̀nà gidi ni ó wà. Bí wọ́n bá so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tí ń lo Linux, ìyẹn ètò adarí tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni láti kà àti láti tún ṣe, ó ṣeé ṣe kí kọ̀ǹpútà mọ̀ pé àlejò dé, kí ó má sì mọ irú àlejò tí ó jẹ́.

Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà jìn ju Linux lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1980, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, Richard Stallman fẹ́ tún ètò tí ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ṣe, nítorí pé bébà a máa há sínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹni tí àkọsílẹ̀ ètò náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ̀ láti fún un, nítorí pé ó ti tọwọ́ bọ ìwé pé òun yóò pa á mọ́. Stallman kò gbàgbé. Ní ọdún 1983, ó kéde iṣẹ́ GNU, pẹ̀lú ète pé kí ẹni tí ń lo ètò kọ̀ǹpútà ní ẹ̀tọ́ láti kà á, láti tún un ṣe, àti láti pín in fún ẹlòmíràn.

Ní ọdún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní Fínlándì, kéde Linux. Ó sọ nígbà náà pé ó ṣeé ṣe kí ètò náà má lè lo irú dísìkì mìíràn láéláé ju irú èyí tí òun fúnra rẹ̀ ní lọ. Ohun tí ó wà lórí tábìlì ẹni tí ń kọ ètò náà nìkan ni ètò náà mọ̀. Nígbà tí ó gba ìwé àṣẹ GNU ní ọdún 1992, tí àwọn mìíràn sì ń dara pọ̀, ohun-èlò orí tábìlì tiwọn náà ń di mímọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Ní ọdún 1996 ni ìlànà USB jáde. Ohun-èlò tí wọ́n bá so mọ́ kọ̀ǹpútà lọ́nà yìí a máa kéde nọ́ńbà méjì: ti ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín, àti ti irú ohun-èlò tí ó jẹ́. 046d ni ti Logitech. Bí kọ̀ǹpútà bá gbọ́ nọ́ńbà wọ̀nyí, yóò wá ètò kékeré tí í ṣe ògbufọ̀ láàrin òun àti ohun-èlò náà. Dráífà ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Níhìn-ín, ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ orúkọ, ó sì lè jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn ni yóò dá.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún G25, sítíárìn tí Logitech gbé jáde ní ọdún 2006. Ó lè yí dé díígírì 900, èyíinì ni ìyípo méjì àti ààbọ̀, ó sì ní kílọ́ọ̀ṣì. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ so ó, nọ́ńbà c294 ni ó ń kéde, tí í ṣe ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Driving Force EX, kí àwọn eré àtijọ́ lè rí i lò. Ní ipò yìí, kílọ́ọ̀ṣì kò ṣiṣẹ́, yíyí rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí díígírì 200 lọ. Ó di ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá fi àṣẹ kan ránṣẹ́ sí i kí ó tó jáde, kí ó sì padà wọlé pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀ gan-an, c299.

Ta ni yóò wá kọ́ Linux ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀? Níbi tí ìwé àlàyé kò bá sí, àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn a máa so ohun-èlò mọ́ kọ̀ǹpútà tí ń lo Windows, wọn a dẹtí sí ohun gbogbo tí ń kọjá lórí wáyà, wọn a sì tú àṣẹ náà wò díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2010 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ hid-lg4ff, ògbufọ̀ fún àwọn sítíárìn Logitech. Nígbà tí ó yá, òun fúnra rẹ̀ ń fi àṣẹ ìyípadà náà ránṣẹ́. Ní ọdún 2021, ògbufọ̀ mìíràn dé fún àwọn sítíárìn Thrustmaster kan, tí gbogbo wọn ń fi orúkọ kan ṣoṣo wọlé títí wọn yóò fi gba àṣẹ. Ṣùgbọ́n mímọ orúkọ kì í ṣe gbígbọ́ èdè. Ògbufọ̀ kejì yìí ń mú kí sítíárìn sọ orúkọ rẹ̀ gan-an. Kò kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ti darí ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀.

Àwọn kan lè wí pé kò yẹ kí ilé-iṣẹ́ náwó nítorí ènìyàn díẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí, ṣùgbọ́n kò gbé gbogbo rẹ̀ tán. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2007, Greg Kroah-Hartman, ọ̀kan nínú àwọn tí ń kọ Linux, kéde pé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun yóò kọ ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí tí ó bá fún wọn ní àlàyé nípa ohun-èlò rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kò ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Àlàyé ni ó ṣọ̀wọ́n.

Nítorí náà, ẹni tí ó ra sítíárìn ra ike àti irin. Ìmọ̀ tí yóò fi lò ó tẹ́rùn wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn títí ẹnìkan yóò fi kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbangba. Logitech ti dẹ́kun ṣíṣe G25, síbẹ̀ Linux ṣì mọ orúkọ rẹ̀. Ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ wo àwọn ohun-èlò tí a ti kó tì sí kọ̀rọ̀ yàrá ìṣẹ̀dánwò, kí wọ́n sì béèrè: èwo ni ó bàjẹ́ ní tòótọ́, èwo sì ni ó kàn ń retí ẹni tí yóò gbọ́ èdè rẹ̀?