Ipa àwọn ará ìlú nínú híhú àdó olóró abẹ́lẹ̀

Àdó olóró abẹ́lẹ̀ ni bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ kí ó lè bú mọ́ ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́. Àgbẹ̀ àti ọmọdé ló sábà máa ń fara gbá a, kódà lẹ́yìn tí ogun ti parí. Amọṣẹ́ ló ń hú u, ṣùgbọ́n àwọn ará abúlé ló mọ ibi tó wà: ọ̀nà oko tí màlúù kú sí, etí odò tí ẹnikẹ́ni kò pọn omi níbẹ̀ mọ́. Kò tó láti bi baálẹ̀ nìkan. Àwọn obìnrin tó ń ṣẹ́gi àti àwọn darandaran ló ń rin inú igbó lójoojúmọ́.

Ní Guinea-Bissau, lẹ́yìn ogun abẹ́lé 1998 sí 1999, ẹgbẹ́ HUMAID, tí John Blacken, aṣojú Amẹ́ríkà níbẹ̀ nígbà kan rí, dá sílẹ̀, kọ́ àwọn ọmọ ìlú ní iṣẹ́ náà. Ahúdó á kúnlẹ̀, á fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gún ilẹ̀ ní ìdàgẹ̀ẹ́rẹ́, díẹ̀díẹ̀, kí ó lè kan ẹ̀gbẹ́ àdó, kó má kan orí rẹ̀. Ìjọba kéde ní 2012 pé ilẹ̀ ti mọ́. Ní 2021, ó jẹ́wọ́ pé àdó ṣì kù.

Ní Casamance, ní Senegal, àwọn ajìjàgbara MFDC, tó ń jà fún òmìnira agbègbè náà, kó ahúdó 12 tó ń ṣiṣẹ́ fún Mechem, ilé iṣẹ́ tó ń hú àdó, nígbèkùn ní 2013, kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Ẹni tí kò bá gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó wà lórí ilẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Nàìjíríà wọ Àdéhùn Ottawa, tó fòfin de àdó olóró abẹ́lẹ̀, ní 2001, ó sì kéde ní 2011 pé àdó ogun Biafra ti tán. Àwọn tí àdó ṣe léṣe kò gbà. Ní 2017, níwájú ilé ẹjọ́ ECOWAS, ìjọba gbà láti san 50 bílíọ̀nù náírà fún wọn, àti 38 bílíọ̀nù fún pípalẹ̀ ohun ìjà tó kù mọ́ àti ilé kíkọ́. Ẹ̀rí àwọn ará ìlú ló yẹ kó ṣáájú ìkéde pé àdó ti tán. Ní Borno, níbi tí Boko Haram ti ń rì bọ́ǹbù àtọwọ́dá, MAG, àjọ tó ń hú àdó, ń kọ́ àwọn ará ìlú bí wọ́n ṣe lè dá a mọ̀.

Kì í ṣe àdó abẹ́lẹ̀ nìkan ló léwu. Ní Èkó, ibi ìkóhun-ìjà bárékè Ìkẹjà gbiná ní 27 oṣù kìíní 2002, bọ́ǹbù tí kò bú sì fọ́n ká àdúgbò. Bí apẹja Ẹ̀pẹ́ tàbí awayanrìn Ìkòròdú bá rí irin tó jọ bọ́ǹbù, kí ó má fọwọ́ kàn án, kí ó gba ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, kí ó sì sọ fún baálẹ̀ àti ọlọ́pàá, tí wọ́n ní ẹ̀ka tó ń rí sí bọ́ǹbù.