Ojú Tí Ó Jọra, Inú Tí Ó Yàtọ̀: Ìtàn Bí A Ṣe Ka Òṣùpá àti Mẹ́kúrì

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò ti máa bi ara wọn léèrè pé kí ni olùkọ́ lítíréṣọ̀ ń wá nídìí òkúta ojú ọ̀run. Ìbéèrè náà tọ́. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lórí ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ àwọn ìlú wa, irú èyí tí a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn arọ́kìn, tí ẹ̀dà kan kì í fi bẹ́ẹ̀ bá èkejì mu. Láàárín ọdún wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ kan tí mo ń gbọ́ ṣáá lẹ́nu àwọn òpìtàn kan ni pé níbi tí kò bá ti sí ìwé, tí kò sì sí ẹni tí ọ̀ràn ṣojú rẹ̀, kò lè sí ìtàn níbẹ̀. Mo wá ronú pé ó yẹ kí n wá ìtàn kan tí kò ṣojú ẹ̀dá alààyè kankan rárá, kí n wo ọ̀nà tí àwọn tí ń pa á fi ń ya òtítọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àròsọ. Ìtàn Òṣùpá àti ti Mẹ́kúrì ni mo bá pàdé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ojú àwọn méjèèjì. Òṣùpá kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi àgbà a máa tọ́ka sí àwọn àbàwọ́n dúdú tí ó wà lójú rẹ̀, a ní ọkùnrin kan tí ó ru igi ìdáná ni. Mẹ́kúrì ní tirẹ̀ ṣọ̀wọ́n lójú. Òun ni ó sún mọ́ oòrùn jù lọ nínú gbogbo plánẹ́ẹ̀tì, ìmọ́lẹ̀ oòrùn sì máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Ìgbà díẹ̀ ni a lè rí i, bí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ tàbí bí ó bá kù díẹ̀ kí ó yọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì í mú fún Àgùàlà, èyí tí àwọn ènìyàn rò pé ajá Òṣùpá ni. Ìyẹn mọ́lẹ̀ jù ú lọ fíìfíì. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, ọdún 1974 ni ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà tí à ń pè ní Mariner 10 kọ́kọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mẹ́kúrì, tí ó sì ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Kòtò lórí kòtò ni wọ́n rí. Ẹni tí a kò bá sọ fún, tí a fi àwòrán náà hàn, yóò búra pé Òṣùpá ni.

Ṣùgbọ́n ojú ni ó jọra. Ká ní ó ṣeé ṣe láti gún Òṣùpá lódindi bí ẹni gún èlùbọ́, kí a bu ìyẹ̀fun rẹ̀ kún igbá kan láìsí àlàfo, yóò wúwo ju omi tí ó kún igbá náà lọ ní ìlọ́po 3.3. Ti Mẹ́kúrì yóò jẹ́ ìlọ́po 5.4, ti Ayé tí a wà yìí yóò sì jẹ́ 5.5. Irin ni ó fa ìyàtọ̀ náà. Láti ojú Mẹ́kúrì dé àárín gbùngbùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 2,440 kìlómítà, irin sì gba nǹkan bíi 2,000 nínú rẹ̀. Òkúta tí ó bò ó kò ju èèpo lọ. Nínú 1,737 kìlómítà tí ó jẹ́ ti Òṣùpá, ibi tí irin gbà kò tó 400. Ta ni ó kó irin fún ọ̀kan ní àkójù, tí ó sì fi du èkejì? Ìbéèrè yìí ni ẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ yín bí a ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Láti ìgbà tí Galileo ti gbé awò awọ̀nàjíjìn sójú ní ọdún 1609, tí ó sì rí i pé òkè àti ọ̀gbun wà lójú Òṣùpá, ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ lórí ohun tí ó gbẹ́ àwọn kòtò ibẹ̀. Ní ọdún 1651, Riccioli, àlùfáà Ítálì kan, sọ àwọn àbàwọ́n dúdú ní òkun, orúkọ náà sì mọ́ wọn lára títí di òní bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé omi kò sí níbẹ̀. Ní ti àwọn kòtò, èrò tí ó gbilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ ni pé ẹnu òkè ayọnáyèéfín ni wọ́n. Ènìyàn kan tí mo fẹ́ kí a dúró tì díẹ̀ ni Grove Karl Gilbert, ọ̀kan nínú àwọn àgbà onímọ̀ ilẹ̀ àti àpáta ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1892, ó fi òru 18 wo Òṣùpá ní Washington. Aṣòfin kan tilẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ìjọba bí àgbà wọn bá lè máa ṣàìsùn nítorí Òṣùpá. Gilbert kò wo ẹ̀yìn. Ó ju nǹkan róbótó sínú ẹrẹ̀ àti amọ̀ láti wo irú ojú tí yóò dá. Ó ṣàkíyèsí pé ẹnu òkè ayọnáyèéfín a máa wà lórí òkè, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ kòtò Òṣùpá jìn ju ilẹ̀ tí ó yí i ká lọ. Ó parí èrò sí i pé òkúta láti òfuurufú ni ó gbá wọn. Ó tẹ àbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1893.

Ohun tí ó mú mi fẹ́ràn ọkùnrin yìí ni àṣìṣe rẹ̀. Ní ọdún 1891, ó ti lọ sí Arizona láti yẹ kòtò ńlá kan wò, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó kìlómítà kan àti díẹ̀, tí àfọ́kù irin láti ojú ọ̀run sì fọ́n yí i ká. Ó rò pé bí ó bá jẹ́ pé irin ńlá kan ni ó bọ́ síbẹ̀, ó yẹ kí ó ṣì wà nísàlẹ̀, kí ó sì máa fa abẹ́rẹ́ òòfà. Abẹ́rẹ́ kò mira. Ó wọn yẹ̀pẹ̀ tí ó ga yí ẹnu kòtò ká, ó rí i pé yóò dí kòtò náà pátá, kò ní kù. Gilbert tẹ̀lé ẹ̀rí rẹ̀ tọkàntọkàn, ó ní ooru omi abẹ́ ilẹ̀ ni ó bú gbàmù, àti pé èèṣì ni irin fi bọ́ sí àdúgbò náà. Báyìí ni ó ṣe ka èyí tí ó jìnnà tó 384,000 kìlómítà ní àkàyé, tí ó sì ṣi èyí tí ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kà! Ìṣòro kan náà ni ó ń dà á láàmú níbi méjèèjì: kò mọ ohun tí eré àsápajúdé lè fi òkúta ṣe. Ní ọdún 1924 ni A. C. Gifford, ní New Zealand, ṣàlàyé pé ohun tí ó bá ń sáré ọ̀pọ̀lọpọ̀ kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò bú bí ẹ̀tù nígbà tí ó bá kanlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ yóò fọ́nká, kòtò rẹ̀ yóò sì rí rìbìtì bí ẹnu odó, ibi yòówù kí ó ti wá. Ọdún 1960 ni Eugene Shoemaker àti Edward Chao wá rí coesite nínú òkúta Arizona yẹn, ẹ̀yà òkúta kan tí ìfúnpá ńláńlá nìkan lè mú jáde. Ọ̀ràn parí. Nígbà tí Shoemaker kú, wọ́n fi díẹ̀ nínú eérú òkú rẹ̀ sínú ọkọ̀ Lunar Prospector, ọkọ̀ náà sì kọ lu Òṣùpá ní ọjọ́ 31, oṣù Keje, ọdún 1999.

Bí kòtò ṣe dé ojú Òṣùpá yé wa báyìí. Ibo ni Òṣùpá fúnra rẹ̀ ti wá? Ẹ̀dà ìtàn mẹ́ta ni ó wà nílẹ̀ kí ọmọ ènìyàn tó débẹ̀. George Darwin, ọmọ Charles Darwin, sọ ní nǹkan bí ọdún 1879 pé ọmọ bíbí inú Ayé ni: Ayé ń yí kíákíá nígbà èwe rẹ̀, apá kan sì já kúrò lára rẹ̀. Èkejì ni pé ọmọ ìyá ni wọ́n, ibì kan náà ni a ti mọ àwọn méjèèjì. Ẹ̀kẹta ni pé àlejò ni Òṣùpá, ó ń kọjá lọ ni òòfà Ayé fi mú un. Èmi tí mo ń gbọ́ ìtàn ìlú lójoojúmọ́ kò ṣàì rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà wọ́n, nítorí irú àríyànjiyàn yìí gan-an ni a máa ń bá láàfin: ṣé ọmọ onílẹ̀ ni baba ńlá yín, àbí àtọ̀húnrìnwá?

Àwọn onímọ̀ yìí kò béèrè èwo nínú àwọn ẹ̀dà náà ni ó dùn jù, wọn kò sì sọ pé ìtàn kò sí nítorí pé ẹlẹ́rìí kò sí. Wọ́n bi ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan pé: bí ó bá jẹ́ bí o ti wí ni, kí ni ó yẹ kí ó ṣẹ́kù nílẹ̀? Láàárín ọdún 1969 sí 1972, ọkùnrin 12 fi ẹsẹ̀ tẹ Òṣùpá, wọ́n sì kó òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ tí ó wọn 382 kìlógíráàmù bọ̀. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ dúdú ni Apollo 11 sọ̀ sí, ṣùgbọ́n nínú iyẹ̀pẹ̀ tí ó kó wálé, John Wood àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí èérún òkúta funfun tí kò jọ ti ibẹ̀. Wọ́n ní láti orí àwọn òkè funfun Òṣùpá ni ó ti ta dé ibẹ̀. Ní ọdún 1970 ni wọ́n gbé àbá kan jáde tí ó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu: ìgbà kan wà tí gbogbo ojú Òṣùpá jẹ́ òkun òkúta yíyọ́. Ẹni tí ó bá ti dúró níbi tí wọ́n ti ń fọ epo pupa mọ̀ pé ohun tí ó fúyẹ́ ni yóò léfòó. Òkúta funfun yìí ni ó léfòó tí ó sì dì. Òun ni àwọn òkè tí a ń rí tí ó mọ́lẹ̀. Àwọn àbàwọ́n dúdú ni òkúta yíyọ́ tí ó tún ṣàn jáde lẹ́yìn náà, tí ó sì dí àwọn kòtò ńlá. Igi ìdáná ìyá mi àgbà nìyẹn.

Òkun iná bẹ́ẹ̀ gba agbára tí ó pọ̀. Ìdánwò tún fi hàn pé ọ́síjìn inú òkúta Òṣùpá àti ti Ayé rí bákan náà, nítorí náà ó ṣòro kí Òṣùpá jẹ́ àlejò. Irin rẹ̀ kò sì tó, nítorí náà a kò lè sọ pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Yíyí Ayé àti ti Òṣùpá lápapọ̀ kò sì tó ohun tí ìtàn Darwin ń fẹ́. Ní ọdún 1975, Hartmann àti Davis dá àbá kan. Ní 1976, Cameron àti Ward náà dá irú rẹ̀: ohun kan tí ó tóbi bíi plánẹ́ẹ̀tì kọ lu Ayé nígbà tí ó ṣì kéré, irin rẹ̀ rì sínú irin Ayé, òkúta tí ó ta sókè sì para pọ̀ di Òṣùpá. Nígbà tí àwọn onímọ̀ pàdé ní Kona, ní Hawaii, ní ọdún 1984, ẹ̀dà kẹrin yìí ni ó borí. Síbẹ̀ wàhálà kò tán. Bí àjèjì bá kọ lu Ayé, ó yẹ kí a rí àpẹẹrẹ àjèjì náà nínú ọ́síjìn Òṣùpá, ìjọra náà sì pọ̀ jù. Lórí kókó yìí ni àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jà.

Ìtàn ìkọlù yìí dùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbé e lọ sọ́dọ̀ Mẹ́kúrì. Ní ọdún 1988, Benz, Slattery àti Cameron fi kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀ pé ohun ńlá kan kọ lu Mẹ́kúrì, ó bó ọ̀pọ̀ òkúta ara rẹ̀ dànù, ó sì ku irin. Ẹ wo bí ó ti bá ara mu tó: ìkọlù kan náà sọ ọ̀kan di aláìní irin, ó sì sọ èkejì di irin kìkì. Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ lítíréṣọ̀, ìtàn tí ó bá bára mu tó báyìí a máa kọ mí lóminú.

Kí n tó sọ bí ó ti parí, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Àdéhùn àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé ni pé orúkọ òǹkọ̀wé, olórin àti oníṣẹ́ ọnà ni a ó máa fi sọ kòtò Mẹ́kúrì. Homer, Shakespeare àti Li Po wà níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ MESSENGER kọ́kọ́ kọjá níbẹ̀ ní ọdún 2008, tí ó sì fi ibi tí Mariner 10 kò rí hàn wá, orúkọ tuntun wọlé: Raditladi ti Botswana, de Graft ti Ghana, àti Ben Enwonwu tiwa. Ní ọdún 1974 tí Mariner 10 ń ya Mẹ́kúrì, Enwonwu ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó sì ń ya Tutu, ọmọ ọba Ifẹ̀. Àwọn méjèèjì ń ya ojú tí ẹnikẹ́ni kò tíì yà rí.

MESSENGER bẹ̀rẹ̀ sí í yí Mẹ́kúrì po ní oṣù Kẹta, ọdún 2011, títí ó fi kọ lù ú ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹrin, ọdún 2015. Ó rí i pé Mẹ́kúrì ti sún kì bí ó ti ń tutù, tó kìlómítà 7 láti ojú dé àárín, àwọ̀ ara rẹ̀ sì hunjọ di ògiri àpáta gígùn bí èèpo èso tí ó ń gbẹ. Ó tún rí imí ọjọ́ àti pọtásíọ̀mù lójú rẹ̀, ní iye tí ẹnikẹ́ni kò retí. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í pẹ́ di èéfín bí iná bá kàn wọ́n. Bí ìkọlù inú ìṣírò 1988 bá ti ṣẹlẹ̀ bí a ti sọ ọ́, ó yẹ kí wọ́n ti fẹ́ lọ. Ẹ̀dà tí ó sọ pé ooru oòrùn ni ó sun òkúta rẹ̀ di èéfín tún wá ṣòroó gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2014, Asphaug àti Reufer dá àbá pé Mẹ́kúrì gan-an ni ó lọ kọ lu èyí tí ó tóbi jù ú lọ, tí ó sì bọ́, tí ó fi òkúta ara rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn mìíràn ní kò sí ìkọlù kankan, pé láti ìpilẹ̀ ni irin ti pọ̀ ní àdúgbò oòrùn. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2018, Yúróòpù àti Jàpáànù jọ rán ọkọ̀ méjì tí a so pọ̀, BepiColombo, gba ọ̀nà ibẹ̀ lọ, láti wọn irin náà àti láti tún imí ọjọ́ yẹn kà.