Gbígba Ètò Tẹlifíṣọ̀n Sílẹ̀ Nílé ní Accra

Ọjọ́ 31 oṣù Keje, ọdún 1965 ni Ààrẹ Kwame Nkrumah ṣí tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ghana, GTV, ní Accra, nígbà tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ti lé lọ́dún márùn-ún lẹ́nu iṣẹ́ n'Íbàdàn. Ilé-iṣẹ́ Sanyo ti ilẹ̀ Japan bá ìjọba dòwò pọ̀, wọ́n sì ń to tẹlifíṣọ̀n jọ ní Tema. Àwòrán dúdú àti funfun ni wọ́n ń gbé jáde, kò sì ju ìwọ̀nba wákàtí ní ìrọ̀lẹ́ lọ. Ẹni tí kò bá sí nílé nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, ẹnu aládùúgbò ni yóò ti gbọ́ ọ.

Sony gbé ẹ̀rọ fídíò Betamax jáde ní 1975, JVC gbé VHS jáde ní 1976, kò sì pẹ́ tí àwọn tó ń ti òkè òkun bọ̀ fi ń gbé fídíò wọ Accra. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wọn kì í fìgbà gbogbo bá ti ilé mu. Ìlànà àwòrán PAL ni Ghana ń lò, pẹ̀lú iná 230 fólítì. Fídíò tí wọ́n rà ní Amẹ́ríkà jẹ́ ti NTSC, ìdajì agbára iná yẹn ló sì ń fẹ́. Ẹni tó bá kì í bọ iná láìlo transfọ́mà yóò gbọ́ òórùn jíjó. Èyí tó ti London wá jẹ́ PAL lóòótọ́, àmọ́ ìgbì UHF nìkan ló ń mú, orí ìgbì VHF sì ni GTV wà. Ó lè fi fíìmù hàn, kò lè gba GTV sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí Rawlings, ológun Ghana, gbàjọba lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá, ọdún 1981, òfin kónílé-ó-gbélé sé àwọn ará Accra mọ́lé lálẹ́. Ọ̀dá ọdún 1983 tún mú kí omi ìsédò Akosombo tó ń pèsè iná fà, wọ́n sì ń pín iná lò. Síbẹ̀, fídíò ń gbilẹ̀. Àwọn oníṣòwò gbé tẹlifíṣọ̀n, fídíò àti jẹnẹrétọ̀ lọ sí àdúgbò àti abúlé, wọ́n ń gbowó ìwòran, wọ́n sì ń kun àwòrán fíìmù sórí aṣọ àpò ìyẹ̀fun láti fi pe èrò. Ní 1987, orí VHS ni olùdarí fíìmù ọmọ Ghana, William Akuffo, ya fíìmù Zinabu sí.

Gbígba ètò sílẹ̀ lórí VHS ní ìlànà tirẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì E-180 ń gba wákàtí mẹ́ta. Ike pẹlẹbẹ kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá ti kán an, ẹ̀rọ kò ní gba nǹkan mìíràn lé e mọ́, àfi bí wọ́n bá fi sẹlotéèpù dí ihò náà. Ẹni tó fẹ́ jáde á fi aago sí déédéé, á yan ìkànnì, á sì fi wákàtí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí sí i. Bí iná bá lọ, aago ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ á padà sí òdo, á máa ṣẹ́jú, ètò náà sì ti bà jẹ́ nìyẹn. Ọ̀nà tó dájú jù ni kí ẹnìkan jókòó tì í, kí ó tẹ bọ́tìnnì pupa fúnra rẹ̀.

Ní 1997, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n TV3 àti Metro TV dé, eré méjì sì lè bọ́ sí wákàtí kan náà. Àmọ́ VCD àti DVD tó gba ipò kásẹ́ẹ̀tì kò ran ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́, nítorí púpọ̀ nínú ẹ̀rọ wọn ń fi fíìmù hàn ni, wọn kì í gba ètò sílẹ̀.

Dikódà alásansílẹ̀ ló jí àṣà náà dìde. Explora ti DStv, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní South Africa ní 2013, ní àyè ìpamọ́ nínú ara rẹ̀. Ó lè gba gbogbo ìpín eré kan tẹ̀ léra, ó sì lè dá bọ́ọ̀lù tó ń lọ lọ́wọ́ dúró. Ṣùgbọ́n inú àpótí kan náà ni ohun tó gbà ń gbé. Kò ṣeé yá aládùúgbò bíi kásẹ́ẹ̀tì.

Àdéhùn Geneva ti ọdún 2006 lórí ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ fi ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà, ọdún 2015 ṣe gbèdéke ìyípadà sí dìgítà. Ghana yan ìlànà dìgítà DVB-T2, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà kọjá kí iṣẹ́ tó parí. Púpọ̀ nínú dikódà DVB-T2 ní ojú USB. Wọ́n á so eríàlì mọ́ ọn, wọ́n á jẹ́ kó wá ìkànnì, wọ́n á sì ki fíláàṣì bọ̀ ọ́. Kí dikódà tó tún fíláàṣì náà tò, ó yẹ kí wọ́n kó fọ́tò àti orin inú rẹ̀ síbòmíràn, nítorí yóò pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Bí ìtò náà bá jẹ́ FAT32, fáìlì kan kò lè ju 4GB lọ, eré gígùn yóò sì pín sí méjì tàbí mẹ́ta. GMT ni Accra ń lò. Bí wọ́n bá fi aago Nàìjíríà sílẹ̀ lórí rẹ̀, wákàtí tí wọ́n fọwọ́ tẹ̀ sí i yóò yẹ̀.

Láti ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni dikódà ti ń gba aago, nítorí náà bí iná bá lọ tó sì padà dé, aago ń tún ara rẹ̀ ṣe. Bí iná bá lọ láàárín eré ńkọ́? Apá tó kọjá ti sọnù, fáìlì náà sì lè bà jẹ́. Nígbà dumsor, iná tó ń lọ tó ń bọ̀, láàárín 2012 sí 2016, ìṣòro yìí kò ṣàjèjì. Lónìí, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n fúnra wọn ń gbé ọ̀pọ̀ ètò wọn sórí YouTube, tí ẹni tó ní fóònù àti dátà lè wò nígbà tó bá wù ú.