Bí Ẹnu Irin Bá Di Àwọ̀ Aró

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára." Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ogún pípín àti owó ni àwọn àgbà sábà ń pa òwe yìí lé lórí, ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tó ti ń ṣẹ lójúkorojú tó ìdí òkúta ìpọ́n. Agbẹ́gi tó ń fi ẹ̀rọ yí igi láti fi ṣe abọ́ àti ẹsẹ̀ àga gbọ́dọ̀ máa pọ́n irinṣẹ́ rẹ̀ lemọ́lemọ́. Ó tẹ irin mọ́ òkúta tó ń yí, iná ń ta, kó tó ṣẹ́jú péú, ẹnu irin tó ń dán ti di àwọ̀ aró.

Bí irin bá ń gbóná, awọ fẹ́lẹ́ kan tí òun àti afẹ́fẹ́ jọ ṣe máa ń bò ó lójú. Bí awọ náà bá ṣe nípọn tó ni àwọ̀ rẹ̀ ṣe ń yí. Tí ooru bá tó nǹkan bí 220 lórí òṣùwọ̀n Celsius, irin á pọ́n rúsúrúsú. Ní 280 ó di àlùkò. Ní 300 ó di aró. Bí irin ṣe gbóná tó nìkan ni àwọ̀ ń sọ. Ohun tí ooru náà fi irin ṣe, irú irin tó wà lọ́wọ́ ẹni ló mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í.

Irin àtijọ́, irú èyí tí Benjamin Huntsman bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ nínú ìkòkò amọ̀ ní Sheffield ní àwọn ọdún 1740, kábọ́ọ̀nù ló gbẹ́kẹ̀ lé. Wọ́n á mú un gbóná títí yóò fi pọ́n fòò, wọ́n á rì í bọmi. Yóò le, àmọ́ yóò máa kán wẹ́wẹ́. Nítorí náà wọ́n á tún yá a níná díẹ̀, láàárín 200 sí 250, kó lè gbó. Òkúta ìpọ́n tó bá gbé e kọjá ibẹ̀ ti tú ohun tí alágbẹ̀dẹ dì. Irin náà á ṣì mú lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ lórí igi tí yóò fi kú. Omi kò lè dá líle rẹ̀ padà. Àfi kí a rọra pọ́n ibi tó rọ̀ dànù. Irinṣẹ́ tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń fi sípíríǹgì mọ́tò rọ, ẹgbẹ́ yìí ló wà: kí a máa tì í bọmi léraléra kí àwọ̀ kankan tó yọ.

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Frederick Taylor àti Maunsel White, ní ilé iṣẹ́ irin Bethlehem ní Pennsylvania, gbé irin tó ní tungsten àti chromium sínú ooru tó fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́ ọ. Irin náà ń gé irin ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tí ooru ti mú ẹnu rẹ̀ pọ́n. Wọ́n fi í han aráyé níbi ìpàtẹ Paris ní 1900. Èyí ni high-speed steel, òun ni wọ́n sì fi ṣe ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ ìyígi òde òní. Ooru tí wọ́n fi ń mú un gbó ní ilé iṣẹ́ tó nǹkan bí 550. Kí wá ni 300 fẹ́ fi ṣe é? Ó ń dùn mí láti rí ẹni tó ń pọ́n irin rere dànù nítorí àwọ̀ lásán. Èyí tó burú jù ni kó sáré tì í bọ omi tútù: ìsúnkì òjijì lè la ẹnu irin ní ìlà tí ojú kò rí, kó wá máa ṣẹ́ wẹ́wẹ́. Afẹ́fẹ́ ni kí a fi tù ú. Agbára tí òwe ń wí wà nínú ìtọ́jú tí a fi ìjayà ṣe pẹ̀lú.

Ẹni tí kò bá mọ irú irin tó mú, kó wo iná tó ń ta. Ti kábọ́ọ̀nù mọ́lẹ̀ rokoṣo, ó sì ń fọ́n ká; ti high-speed pupa ṣíṣú, kì í fi bẹ́ẹ̀ fọ́n ká.

Ooru fúnra rẹ̀, ọwọ́ wúwo àti òkúta tí ojú rẹ̀ ti dí ló ń fà á. Òkúta tó bá ti dí kì í gé irin mọ́, ńṣe ló ń ra á. Àwọn kan á ra ẹ̀rọ ìpọ́n tó ń yí nígbà 1,425 ní ìṣẹ́jú kan dípò 2,850, wọ́n á rò pé ọ̀rọ̀ tán. Ó ń ṣèrànwọ́, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi gbogbo èjìká tẹ irin mọ́ òkúta dídí yóò sun ún lórí èyíkéyìí. Kí a kọ́kọ́ fi dáyámọ́ǹdì họ ojú òkúta, kí a tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi. Ẹnu irin sì fẹ́lẹ́, ooru kò rí ibi sá sí níbẹ̀; ìdí nìyẹn tí ṣóńṣó irinṣẹ́ ìyígi tí wọ́n ń pè ní skew fi ń di aró ṣáájú ara yòókù. Ibi tó nípọn ni kí a kọ́kọ́ pọ́n, kí a fi ṣóńṣó sí ìgbẹ̀yìn, kó kàn fara kan òkúta fẹ́rẹ́, kí a sì gbé e kúrò.