Ọmọ Tí Ó Gbọ́n Tí Kò Lè Kàwé: Ìtàn Àyẹ̀wò Kan

Olódo ni orúkọ tí a máa ń tètè fún ọmọ tí ìwé kíkà bá ṣòro fún. Ṣùgbọ́n irú ọmọ kan wà tí orúkọ yìí kò bá mu rárá: ó mọ àlọ́ pa, ó mọ ìṣirò, a lè fi iṣẹ́ gígùn rán an kí ó má gbàgbé ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Síbẹ̀, bí a bá ṣí ìwé síwájú rẹ̀, yóò kàn máa wo àwọn lẹ́tà ni. Báwo ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wò dípò kí a máa nà án?

Ní ọjọ́ 7, oṣù kọkànlá, ọdún 1896, dókítà ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, W. Pringle Morgan, kọ̀wé nípa ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan tí ń jẹ́ Percy sínú British Medical Journal. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà ní ọmọ ọdún 7 ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ojú rẹ̀ ríran dáadáa, kì í sì í gbẹ́yìn nídìí eré. Síbẹ̀, agbára káká ni ó fi ń ka ọ̀rọ̀ onísílébù kan. Nígbà tí ó kọ orúkọ ara rẹ̀, “Precy” ni ó kọ, kò sì fura. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọ 785,852,017 fún un, ó kà á láìkọsẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ ní bí ó bá jẹ́ pé ẹnu nìkan ni a fi ń kọ́ni, òun ni ìbá já fáfá jù ní ilé-ìwé náà.

Ibi tí àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀ nìyí: Morgan ya ojú rírí, òǹkà, àti ìwé kíkà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì rí èyí tí ó kù díẹ̀ káàtó.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1975 fi dandan lé e pé kí a yẹ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wò ní èdè abínibí wọn, níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, kí a má sì gbára lé ìdánwò ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ìlànà tí ó tẹ̀ lé e ń wá àlàfo ńlá láàrin òye ọmọ àti ìwé rẹ̀. Ọmọ tí ọgbọ́n rẹ̀ ń bo ìṣòro rẹ̀ mọ́lẹ̀ níláti kọ́kọ́ kùnà kí a tó rí i. Ní ọdún 2004 ni òfin mìíràn sọ pé kì í ṣe dandan mọ́ fún àwọn aláṣẹ ilé-ìwé láti wo àlàfo náà. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ẹ̀kọ́ ti èdè yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ wa bá kọsẹ̀ nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, a kò lè mọ̀ bóyá èdè ni tàbí lẹ́tà. Ẹ jẹ́ kí a ka ìtàn Yorùbá kan sí i létí, kí a sì fún un ní irú rẹ̀ kí ó kà. Bí ó bá lóye ti àkọ́kọ́ tí kò lè ka ìkejì, tí ojú àti etí rẹ̀ sì dá ṣáṣá, tí a sì ti kọ́ ọ bí ó ti yẹ, a ti rí ìdí tí ó tó láti wá onímọ̀ tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Òbí tí ó bá béèrè fún èyí kò ṣe àṣejù.