Orúkọ Àwọn Nagô Láàrin Ẹrù Ilé: Kíka Ìwé Dúkìá Àtijọ́ ní Bahia

Àwọn àgbà Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíìlì, títí di ọdún 1888 tí a fi òpin sí oko ẹrú níbẹ̀, àwọn tí ó ń sọ ọmọ Yorùbá lórúkọ kò wo ilé kankan. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a kó lẹ́rú kọjá òkun kò fi ìwé sílẹ̀ nípa ara wọn. Inú ìwé dúkìá olówó wọn ni a ti ń bá wọn pàdé.

Bí onílé kan bá kú, pàápàá bí ó bá fi ọmọ kékeré sílẹ̀, òfin tí Bràsíìlì jogún lọ́wọ́ àwọn Potogí pàṣẹ pé kí a ka gbogbo ohun tí ó ní. Àwọn adíyelé yóò dá iye lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, akọ̀wé ilé ẹjọ́ yóò sì kọ ọ́: wúrà, fàdákà, àga, màlúù, ilé, àti ènìyàn. Púpọ̀ nínú àwọn ìwé wọ̀nyí ṣì wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Salvador.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni ọwọ́ ìkọ̀wé. Akọ̀wé a máa gé ọ̀rọ̀ kúrú: "Ma." ni Maria, "Anto." ni Antonio. Nínú ìwé tí ó pẹ́ jù, "s" àkọ́kọ́ nínú "ss" gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ojú yóò fi kà á sí "f". Ọ̀nà àbáyọ ni kí òǹkàwé bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó mọ̀. Gbólóhùn tí akọ̀wé ń tún kọ ní ìlà dé ìlà ni yóò kọ́ ọ bí akọ̀wé náà ṣe ń kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi ìyẹn ka ibi tí ó ṣòro. Bí ó bá rí "dita", kí ó má ṣe kà á sí orúkọ obìnrin. Irú ti òkè ni ó túmọ̀ sí. Bákan náà, 400$000 kì í ṣe dọ́là. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó réis ni.

Ìṣòro kejì, tí ó le jù, ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. "Semoventes" ni ohun tí ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn: ẹṣin, màlúù, àti ẹrú nígbà mìíràn. "Quebrado" túmọ̀ sí ohun tí ó fọ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ó ní ìpá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. "Boçal" ni ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Áfíríkà tí kò tíì gbọ́ èdè Potogí. Lónìí ó ti di èébú fún òpè. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi ìtumọ̀ òde òní kà á yóò bú baba ńlá ara rẹ̀ láìmọ̀. "Fujão" ni ẹni tí ó máa ń sá lọ. Lójú adíyelé, àbùkù tí ó ń dín owó kù ni. Lójú òpìtàn, ẹ̀rí ni pé ẹni náà kò gba ẹrú.

Ọ̀rọ̀ tí ó kàn wá jù ni "nagô". Inú Ànàgó ni ó ti jáde, ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà àti Kétu ni akọ̀wé fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kó pọ̀. Bí a bá ka "João, nagô, carregador de cadeira", a mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ni, tí ó ń fi èjìká gbé àga ọlọ́lá káàkiri ìgboro. A kò mọ ìlú rẹ̀, a kò sì mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é.

Nígbà mìíràn, ìwé ẹjọ́ a máa sọ ohun tí ìwé dúkìá kò sọ. Pacífico Licutan jẹ́ nagô àti àlùfáà Mùsùlùmí ní Salvador. Nígbà tí àwọn Malê, èyíinì ni àwọn ìmàle, dìde ogun ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835, ẹ̀wọ̀n ni ó wà. Olówó rẹ̀ ni ó jẹ gbèsè, a sì ti gbẹ́sẹ̀ lé Licutan bí ẹrù tí a fẹ́ tà ní gbàǹjo. Nígbà tí adájọ́ bi í ní orúkọ, ó ní Bilal ni òun. Adájọ́ ní Licutan ni a mọ̀ ọ́n sí; ó fèsì pé òun lè jẹ́ orúkọ tí ó bá wu òun.

Ìwé dúkìá kò ní ààyè fún irú èsì bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí a fi sùúrù ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí a dà á kọ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà, kí a sì fi àlàfo sí ibi tí kò ṣeé kà. Ẹni tí ó bá fi àbá lásán dí àlàfo náà ti tún ọmọ ọlọ́mọ sọ lórúkọ láìwo ilé.