Àríyànjiyàn Lórí Ohun Tí Kò Lópin

Ní ọdún 1638, Galileo tọ́ka sí ìyanu kan: a lè fi 1, 4, 9, 16 so mọ́ 1, 2, 3, 4 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ títí láìṣẹ́kù, bẹ́ẹ̀ inú àwọn kejì ni a ti ṣa àwọn àkọ́kọ́. Ó wá parí rẹ̀ sí pé a kò lè fi ohun àìlópin kan wé òmíràn. Georg Cantor, olùkọ́ yunifásítì ní Halle, ní Jámánì, kò gba èyí. Ní 1874, ó fi ẹ̀rí hàn pé bó ti wù kí a to àwọn nọ́ńbà orí ìlà, díẹ̀ yóò ṣẹ́kù. Àwọn nọ́ńbà orí ìlà pọ̀ ju nọ́ńbà tí a fi ń kà lọ.

Leopold Kronecker, onímọ̀ ìṣirò ní Berlin, takò ó gidigidi, nítorí kò gba ohun tí a kò lè ṣírò dé òpin gbọ́. Ẹlòmíràn lè ní ìṣirò tí Cantor gbé kalẹ̀ fún ìtò àìlópin kò tọ́: bí a bá fi 1 ṣíwájú ìtò àìlópin, kò yí padà, bí a bá fi í kẹ́yìn, ó di ìtò mìíràn. Ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí òfin ohun tó lópin fi gbọ́dọ̀ de ohun tí kò lópin, níwọ̀n ìgbà tí ìṣirò náà kò bá tako ara rẹ̀. Àtakò tó wúwo ni ti Bertrand Russell ní 1901, lórí àkójọ tí iṣẹ́ Cantor dá lé: àkójọ gbogbo àkójọ tí kò sí nínú ara wọn tako ara rẹ̀. Síbẹ̀, ní 1908, Ernst Zermelo gbé òfin kalẹ̀ tí kò gba irú àkójọ bẹ́ẹ̀ láyè. Cantor ló jàre: ẹ̀rí ni ká máa tẹ̀ lé, kì í ṣe àṣà.